Odò Ògùnpa àti ilẹ̀ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́

Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. O béèrè bóyá wọ́n ti bo Odò Ògùnpa mọ́lẹ̀, àti bóyá kí o ra ilẹ̀ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ní ẹ̀bá Odò Ọ̀nà. Ti Ògùnpa ni n ó kọ́kọ́ sọ. Wọn kò bò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà.

Odò kékeré ni, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 21 lọ. Apá Bódìjà ni ó ti sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ó jẹ́ oko kí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó kọ́ ilé síbẹ̀. Ó gba Agodi, níbi tí wọ́n ti sé e di adágún, ó wọ àárín ọjà ní Gbági àti Ògùnpa, odò Kúdẹtì dà sínú rẹ̀, òun náà sì dà sínú Odò Ọ̀nà ní gúúsù ìlú.

Àárín òkè ni ó ń gbà kọjá. Nígbà tí igbó ṣì wà, ilẹ̀ ń mu lára òjò. Nígbà tí páànù àti ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀, tí a kọ́lé dé etí omi, tí a sì ń da pàǹtírí sábẹ́ afárá tóóró, gbogbo àgbàrá ń dé sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kún ní 1960, ní 1963 àti ní 1978, a kò sì ṣí kúrò. Ọjọ́ Àìkú 31 Oṣù Kẹjọ 1980 ni omíyalé wá gbé ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ní tèmi, àwa ni a kọ́kọ́ ya wọ ilé odò.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n fi kọnkéré mọ ọ́n, iṣẹ́ tó falẹ̀ láti ìjọba kan dé òmíràn. Ó ti di kòtò ńlá tí ọ̀rá omi ń wọ́ gba inú rẹ̀ kọjá (má retí akàn níbẹ̀ mọ́), síbẹ̀ n kò bú ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀bá Odò Ọ̀nà ni ilé kíkọ́ náà wá ń lọ báyìí. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omi rẹ̀ gbé afárá Àpẹ́tẹ́ lọ. Nítorí náà, n kò tíì lè fọwọ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Jẹ́ kí n lọ wò ó ní Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá pọ̀, kí n sì bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi máa ń dé, kí o tó san kọ́bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàó