Kadhi Punjab tí kò ní wàrà: ẹ má jẹ́ kó pàdánù kíkan rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ojú ewé oúnjẹ yín, nítorí ìmọ̀ràn tó gbòde lórí bí a ṣe ń se kadhi Punjab, ọbẹ̀ kíkan tí wọ́n ń fi yógọ́ọ̀tì àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà se, fún ẹni tí kì í jẹ wàrà ń ba ọbẹ̀ dáadáa jẹ́. Wọ́n á ní kéèyàn yọ yógọ́ọ̀tì kúrò, kó da wàrà àgbọn sí i, ó parí. Kò parí o! Adùn àgbọn ni yóò gba gbogbo ẹnu, ọbẹ̀ náà kò sì ní kan. Kadhi tí kò bá kan kì í ṣe ti Punjab.

Ní Punjab, ìbáà ṣe níhà Íńdíà tàbí níhà Pakísítánì, yógọ́ọ̀tì tó ti kan gan-an ni wọ́n ń wá fún ọbẹ̀ yìí. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí kò tíì kan, kò wúlò fún un. Besan, ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana (chickpea), ló ń mú un ki. Ẹni tó bá fẹ́ yọ wàrà, kó kọ́kọ́ wá ohun tí yóò mú ọbẹ̀ kan. Àwọn ará Sindh, ní Pakísítánì, pàápàá ní kadhi tiwọn tí kò ní yógọ́ọ̀tì rárá: wọ́n ń yan besan nínú òróró, omi àjàgbọn ni wọ́n fi ń mú un kan. Ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ tó ń béèrè wàrà.

Fún ti Punjab, yógọ́ọ̀tì ẹ̀wà sóyà ló dáa jù lójú tèmi, nítorí kò ní òórùn tirẹ̀ tó máa bo ata àti atalẹ̀ pupa mọ́lẹ̀. Ti kajú tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó máa ń ki sí i bó bá ti ń gbóná, nítorí náà ẹ dín besan kù díẹ̀. Ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa: kò gbọdọ̀ ní ṣúgà, kò gbọdọ̀ ní fànílà. Ẹ má sì jẹ́ kí èyí tí wọ́n kọ pé kò ní lactose, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, tàn yín jẹ. Wàrà màlúù ni, purotéènì wàrà ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ kọ wàrà ní jàǹbá.

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ wọn yógọ́ọ̀tì mílílítà 360, besan gíráàmù 50, omi lítà kan àti díẹ̀, ìdajì ṣíbí tíì atalẹ̀ pupa, àti ata gbígbẹ tí a lọ̀, ṣíbí tíì kan. Yógọ́ọ̀tì àti besan ni kí ẹ kọ́kọ́ lù pọ̀ títí tí kò fi ní sí kókó, kí omi tó wọ̀ ọ́. Bí besan bá bá omi púpọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, á dì ní kókó, ẹ ó sì máa lé kókó kiri inú ìkòkò. Ìkòkò ńlá ni kí ẹ lò, torí kadhi máa ń rú jáde bó bá fẹ́ hó.

Ẹ gbé e kaná nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ máa rò ó láìdúró títí yóò fi hó. Besan máa ń rì sí ìsàlẹ̀, á sì jóná mọ́ ìkòkò. Purotéènì sóyà náà tètè máa ń dì bí iná bá mú un tòun ti kíkan rẹ̀. Besan ni kì í jẹ́ kó pínyà, ìyẹn bí a bá ń rò ó. Bó bá ti hó, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ dín iná kù gan-an, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 40. Ẹ má ṣe gé àkókò yìí kúrú. Ní ìṣẹ́jú 15, ọbẹ̀ á ti ki lójú, ẹ ó rò pé ó ti jinná, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ́ ọ wò, òórùn besan tútù á ṣì wà níbẹ̀, á sì dà bí ẹfun lórí ahọ́n. Nígbà tí òórùn yẹn bá lọ tán ló jinná. Bó bá sì pínyà lójú iná, ẹ fi omi tútù po ṣíbí ìjẹun besan kan, ẹ dà á sí i, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́ nígbà tó bá ti tutù díẹ̀, kí ẹ tún gbé e kaná.

Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ṣíbí ìjẹun kan kí ẹ tó tọ́ ọ wò, tàbí amchur, ìyẹ̀fun máńgòrò dúdú tí wọ́n sá gbẹ, ṣíbí tíì kan. Kó kan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi mọ̀ ọ́n lára.

Pakora, àkàrà ẹ̀fọ́ inú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ yan án dípò kí wọ́n dín in. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà ńlá kan tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rin pòtétò kékeré kan, ẹ gé ẹ̀kúnwọ́ méjì ẹ̀fọ́ spinach. Ẹ fi ṣíbí tíì iyọ̀ kan tí kò kún pa á pọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ̀fọ́ á tu omi fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti bu omi sí i ṣáájú, tirẹ̀ á ṣàn pẹrẹsẹ lórí páànù. Lẹ́yìn náà ni besan gíráàmù 120, ìdajì ṣíbí tíì ajwain (hóró wẹ́wẹ́ tó ń ta sánsán bíi thyme), ata, baking soda ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì, àti òróró ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ fi omi kún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kìkì bó bá gbẹ jù. Ó gbọdọ̀ dì mọ́ ṣíbí, kó sì já bọ́ bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n.

Ẹ má yọ òróró yẹn. Nínú epo gbígbóná, àkàrà á fa òróró mu fúnra rẹ̀. Nínú ófùnù, kò rí ibi fà á. Bí ẹ kò bá fi sí i, inú rẹ̀ á gbẹ táútáú, á máa há ni lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí ófùnù kọ́kọ́ gbóná dé 200 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ fi òróró pa páànù, ẹ bù wọ́n ní ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 14, ẹ yí wọn padà, ìṣẹ́jú 10 sí i. Ẹ bu ọ̀kan sí méjì: ihò wẹ́wẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kó má sí ìlà tútù láàárín.

Ó wá ku tadka, ìyẹn òróró gbígbóná tí a ta èròjà sí, tí a ń dà sórí ọbẹ̀ níkẹyìn. Ti Punjab sábà máa ń gba ghee, bọ́tà tí wọ́n yọ́ di òróró, fún un. Wàrà ni ghee, òróró ni kí ẹ lò, ṣíbí ìjẹun méjì. Hóró músítádì ni kó kọ́kọ́ ta, kí jeera (cumin) tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìdajì ṣíbí tíì hóró methi (fenugreek), ata gbígbẹ mẹ́ta, àti hing (asafoetida, èròjà olóòórùn líle) tín-ń-tín. Ẹ máa wo methi lójú: tó bá ti pọ́n, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú kadhi kíákíá. Bó bá dúdú, ó ti korò, kò sì sí ohun tó ń tún un ṣe. Ẹ da òróró yẹn nù kí ẹ tún òmíràn ṣe. Hing inú ọ̀pọ̀ paali ní ìyẹ̀fun àlìkámà, kí ẹni tí kì í jẹ àlìkámà kíyè sí i.

Pakora yíyan máa ń mu ọbẹ̀ gan-an, nítorí náà kí kadhi ṣàn ju bí ẹ ṣe fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ẹ kó wọn sí i nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì gbóná, ẹ dé e, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó bù ú sórí ìrẹsì. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì á ti ki bí ẹ̀kọ. Ẹ fi ìdajì ife omi gbígbóná là á, kí ẹ tún iyọ̀ àti ọsàn rẹ̀ tọ́ wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé ojú ewé oúnjẹ