Iye Páténtì Kọ́ Ni Iye Ọgbọ́n

Sí Olóòtú,

Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i tí àwọn oníròyìn ń ka iye páténtì tí iléeṣẹ́ ńlá kan ní, bí ẹni pé iye ọgbọ́n orí wọn ni wọ́n ń kà. Ìwé ẹ̀tọ́ ni páténtì, tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun kí ẹlòmíràn má baà lò ó láìgbàṣẹ. Lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí, ó ti di ohun tí wọ́n fi ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Android, ètò tó ń mú ọ̀pọ̀ fóònù ṣiṣẹ́. Nígbà tí Google gbé e jáde, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fóònù. Microsoft, tí kì í ṣe òun ló ni ín, ló wá jókòó tó ń gbowó lórí rẹ̀. Lára ohun tó gbójú lé ni páténtì kan tó dá lórí bí a ṣe ń fún fáìlì ní orúkọ gígùn lórí mẹ́mórì káàdì, tí ẹ̀rọ àtijọ́ tó mọ orúkọ kúkúrú nìkan yóò ṣì lè kà á. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ fóònù Android ìgbà náà ló ń lo káàdì. HTC, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fóònù, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 2010 pé òun yóò máa sanwó fún Microsoft, Samsung tẹ̀ lé e ní 2011. Nígbà tí Microsoft sì gbé Samsung lọ sílé ẹjọ́ ní 2014, ó hàn pé owó tí Samsung san láàrin ọdún kan ṣoṣo lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Google náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí Nortel, iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti ilẹ̀ Kánádà, kógbá sílé, tí wọ́n sì ta nǹkan bí 6,000 páténtì rẹ̀ ní gbàǹjo ní 2011, Google ló kọ́kọ́ dá 900 mílíọ̀nù dọ́là lé e. Apple, Microsoft, Sony àti àwọn mẹ́ta mìíràn para pọ̀, wọ́n sì gbé e lọ ní bílíọ̀nù 4.5. Àwọn tó ń bára wọn du ọjà lójoojúmọ́ ni mo ń wí o! Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí Google fi kéde pé òun yóò ra Motorola Mobility, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fóònù, ní bílíọ̀nù 12.5. Ní 2014, ó ta iṣẹ́ fóònù ibẹ̀ fún Lenovo ní nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta, ó sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú páténtì ibẹ̀ dúró fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, tí ìwé ìròyìn yín bá tún fẹ́ kéde iye páténtì tí iléeṣẹ́ kan ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wádìí mélòó ló hùmọ̀ fúnra rẹ̀, mélòó ló fowó rà, àti àwọn wo ló ń sanwó fún un lórí wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn