Àkànní, ọtí wa kò tíì bàjẹ́

Leeds, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo yín kú òtútù Calgary. Bọ̀dá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú wọn, wọ́n sì ti ń ka ìwé padà. Ọ̀rọ̀ bíà tí a jọ pọn kẹ́yìn kí o tó kó lọ ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọ̀sẹ̀ méjì wá.

O rántí pé ọjọ́ tí o ń di ẹrù ni hydrometer wa, irinṣẹ́ tí ń léfòó nínú ọtí láti fi bí ó ṣe wúwo tó sí omi hàn, bọ́ lọ́wọ́ mi tí ó fọ́, tí o sì fi refractometer tìrẹ, awò kékeré tí a ń kán ọtí sí láti fi díwọ̀n ṣúgà inú rẹ̀, lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa lò ó. Inú mi dùn, nítorí ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó ń fẹ́, kò dà bíi hydrometer tí a gbọ́dọ̀ bu ọtí kún ọ̀pá gíláàsì fún kí ó tó lè léfòó. Mo fi omi mímọ́ gaara mú un wá sí òdo bí o ṣe kọ́ mi, mo kán ọtí sí i, mo gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀, mo sì ka ibi tí búlúù ti pàdé funfun.

Láti ọjọ́ kẹwàá tí a ti pọn ọtí náà ni òǹkà ti dúró sórí 6 Brix, ìyẹn ìdá ṣúgà nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà nìkan ni, 1.024 ni ìyẹn lórí hydrometer, níbi tí omi lásán ti jẹ́ 1.000, bẹ́ẹ̀ ni irú ọtí wa yìí sì yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 1.010. Mo rò pé ìwúkàrà ti kú. Mo gbé ike náà sún mọ́ ibi tí ó móoru, mo rọra rò ó, mo tún bu ìwúkàrà tuntun sí i, síbẹ̀ 6 náà ni. Ẹ̀rù bà mí, Àkànní, nítorí ọtí ìgbéyàwó àbúrò mi ni, bí a bá sì rọ ọtí tí ṣúgà púpọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀ sínú ìgò, ìwúkàrà yóò máa jẹ ṣúgà náà, ọtí yóò máa hó lọ nínú ìgò títí ìgò yóò fi bẹ́, bóyá lọ́wọ́ ọmọ ẹni tí ń gbé e fún àlejò. Mo ti gbé ike náà dé ẹnu kòtò omi kí n dà á nù.

Ohun tí ó dá mi dúró ni pé mo rántí pé refractometer kì í wọn ṣúgà fúnra rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú omi ni ó ń wò, ọtí líle tí ìwúkàrà ti ṣe jáde sì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fúyẹ́ ju omi lọ. Nítorí náà, òǹkà tí a lè gbà gbọ́ kí ọtí tó hó a máa ga ju bí ó ti yẹ lọ lẹ́yìn tí ó bá ti hó tán. Mo lọ ra hydrometer tuntun ní ọjọ́ Sátidé, ó sì fi 1.011 hàn mí. Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnì náà, mo dúpẹ́, àárò rẹ sì sọ mí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwọ ì bá fi pa ìdààmú yẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹni tí yóò bá túmọ̀ òǹkà ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ní ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, inú ìwé aláwọ̀ búlúù rẹ ni o sì kọ ọ́ sí, ó sì bá ẹrù lọ. Mo ti fi 6 àti 1.011 ṣe ìṣirò padà sẹ́yìn, mo rí nǹkan bíi 12.4 Brix kí ọtí tó hó, ìyẹn 1.050, tí agbára ọtí náà yóò fi jẹ́ bíi ìdá 5 nínú 100. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ rí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́. Jọ̀wọ́, tú àpótí, ya àwòrán ojú ìwé náà, kí o sì fi ránṣẹ́, nítorí n kò ní kọ nǹkan kan sára ìgò tí àwọn àna wa yóò mu títí n ó fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ti ya ìgò mẹ́fà sọ́tọ̀ fún ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní