Ẹ Yé Gé Àwòrán Àtijọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Lálẹ́ àná, wọ́n ṣe eré àtijọ́ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí mo ti ń retí tipẹ́. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ìyá kan ti gbé ife síwájú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́, tí ọwọ́ ìyá náà ń gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo gbọ́ bí ife ṣe ń ró lórí àwo, àmọ́ mi ò rí ife, mi ò rí ọwọ́. Wọ́n ti gé e dànù nísàlẹ̀. Lókè ńkọ́? Iwájú orí ọmọ náà ni àwòrán parí sí.

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á. 4:3 ni ìwọ̀n àwòrán tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un, ìyẹn ni pé bó bá fẹ̀ ní mẹ́rin, á ga ní mẹ́ta; 16:9 ni tòde òní, tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó ṣáà lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fẹ̀ ẹ́, wọ́n á gé òkè, wọ́n á gé ìsàlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń bá a lọ! Ta ló rán àwọn ọ̀gá wọ̀nyí níṣẹ́? Ẹni tó ya eré náà mọ ìdí tó fi gbé ọwọ́ ìyá yẹn síbẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́kù ò sì pọ̀. Láwọn ọdún 1960 sí 1970 lọ, BBC pàápàá ń pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, torí pé téèpù wọ́n. Púpọ̀ nínú ètò tí wọ́n ṣe ní sítúdíò nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá lọ́dún 1969 ti bá a lọ. Èyí tórí kó yọ, ẹ tún ń gé e!

Wọ́n tún gbé dọkumẹ́ńtárì ẹ̀sìn tẹ̀ lé e, lórí aṣọ Turin, ìyẹn aṣọ àtijọ́ kan tó wà nílùú Turin ní Ítálì, tí àwọn kan gbà pé wọ́n fi di òkú Jésù. Onígbàgbọ́ ni mí, tọkàntọkàn ni mo fi jókòó. Wákàtí kan gbáko, orin ẹ̀rù, èéfín, "Ṣé ó lè jẹ́ pé...?" Bí ìpolówó bá ti parí, ìbéèrè kan náà ni. Wọn ò dárúkọ àyẹ̀wò ọdún 1988 rárá, èyí tí wọ́n ṣe ní Oxford, Zurich àti Arizona, tó fi hàn pé àárín ọdún 1260 sí 1390 ni aṣọ náà ti wá. Àwọn kan ń ta ko èsì yẹn; ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn. Àmọ́ ẹ má gé e kúrò. Ìgbàgbọ́ mi ò nílò ẹ̀tàn.

Ní ti dọkumẹ́ńtárì, kí wọ́n sọ èsì ìwádìí látìbẹ̀rẹ̀. Ní ti eré àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní 4:3. Dúdú tó máa wà lọ́tùn-ún àti lósì ò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á rò pé tẹlifíṣọ̀n wọn ti bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe yà á nìyí, kẹ́ ẹ sì kọ ọdún tí wọ́n yà á. Ẹni tó bá fẹ́ kó kún, bọ́tìnnì wà lórí rìmóòtù rẹ̀ tó lè fi fẹ̀ ẹ́. Àmọ́ èmi tẹ́ ẹ ti gé tèmi, kò sí bọ́tìnnì tí mo lè tẹ̀ tí màá fi rí ọwọ́ ìyá yẹn.

Èmi ni,
Òǹwòran tínú ń bí