Kì í ṣe Michael Joseph nìkan ló gbé M-Pesa dúró

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tẹlifóònù tó yíjú sí iṣẹ́ owó orí fóònù dùn ún kà, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká tún ṣe. Ẹ kọ ọ́ pé Michael Joseph ló dá M-Pesa, ètò fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe gan-an sì wúlò fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yẹn ju ìtàn akọni tí ẹ sọ lọ.

Nick Hughes, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù Vodafone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ru èrò náà sókè. Susie Lonie ni wọ́n rán lọ sí Nairobi láti gbé e kalẹ̀. Àjọ DFID, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, fi owó tó súnmọ́ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sí i, Vodafone náà sì fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni kí àwọn tó yá owó lọ́wọ́ Faulu, iléeṣẹ́ kan tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó, máa fi fóònù san gbèsè wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó wà nínú ìdánwò yẹn kò tó 500, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba owó kò sì ju mẹ́jọ lọ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹnì kan kò rán wọn. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò á kó owó rẹ̀ sí orí fóònù kó tó wọkọ̀, á sì gbà á níbi tó bá dé, kí olè má baà kó o lójú ọ̀nà. Faulu ní tirẹ̀ ń fi ọwọ́ da ìwé ìṣirò owó kọ, nítorí pé ìwé tirẹ̀ kò bá ti M-Pesa mu.

Ibi tí Joseph ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹnjiníà ni, ó kàwé ní Yunifásítì Cape Town, ó sì ti ṣiṣẹ́ tẹlifóònù káàkiri ayé kó tó di ọ̀gá àgbà Safaricom, iléeṣẹ́ tẹlifóònù Kẹ́ńyà tí Vodafone ní ìpín nínú rẹ̀, ní ọdún 2000. Àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ náà kò tó 20,000 nígbà yẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí Safaricom fi gba ọjà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kejì ni pé ó ń gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti ẹnìkejì ń ka ìṣẹ́jú odindi. Tálákà tó ní ọ̀rọ̀ kékeré láti sọ kì í san owó ìṣẹ́jú odindi mọ́. Nígbà tí Joseph fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, àwọn oníbàárà ti lé ní mílíọ̀nù 16. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí òun ló jẹ́ kí M-Pesa ṣeé ṣe: ẹni tí ẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí, ó ṣeé ṣe kó ti ní síìmù Safaricom lọ́wọ́.

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ gbèsè kúrò, tí wọ́n gbé ìfowóránṣẹ́-sílé síwájú. Nígbà tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé ní oṣù kẹta ọdún 2007, wọn kò fi Nairobi nìkan bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi ṣọ́ọ̀bù 750 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì kárí olú-ìlú gbogbo àgbègbè 69 tó wà ní Kẹ́ńyà nígbà náà. Bí ọmọ bá fi owó ránṣẹ́ láti Nairobi, tí ìyá rẹ̀ kò sì rí ibi tí yóò ti gbà á lábúlé, iṣẹ́ ti bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kí ọdún 2007 tó parí, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Báyìí, ibi tí ìròyìn yín fò kọjá: àwọn aṣojú, ìyẹn àwọn tí àwa ń pè ní oní-POS níhìn-ín. Oníbàárà M-Pesa kì í san kọ́bọ̀ láti kó owó wọlé. Aṣojú ṣì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Safaricom, ìbáà jẹ́ pé owó wọlé ni o, ìbáà jẹ́ pé owó jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé ìkówówọlé ni oníbàárà tuntun máa kọ́kọ́ ṣe, bí ẹ bá sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò ní padà wá. Safaricom pẹ̀lú kì í ta owó orí fóònù láwìn fún aṣojú. Aṣojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san kéèṣì sí báńkì, ní Commercial Bank of Africa nígbà náà, kí wọ́n tó fi iye kan náà sórí fóònù rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ṣílè kan lórí fóònù ẹnikẹ́ni tí kò ní ìkejì rẹ̀ nílé báńkì.

Ẹ jẹ́ ká wo ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ ní aṣojú kan fi 100,000 ṣílè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, 50,000 jẹ́ kéèṣì nínú dúrọ́ọ̀, 50,000 wà lórí fóònù. Bí ẹni mẹ́wàá bá wá kó 5,000 ṣílè wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, owó orí fóònù rẹ̀ ti tán nìyẹn, dúrọ́ọ̀ sì ti di 100,000. Ẹni kọkànlá tó bá dé, "kò sí nẹ́tíwọ̀kì" ni wọ́n máa sọ fún un. Nẹ́tíwọ̀kì wà o! Owó ni kò sí ní apá ibi tí a ti ń wá a. Lábúlé, òdìkejì rẹ̀ ni. Àwọn tó ń gba owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn ló pọ̀ jù, kéèṣì á tán, fóònù á sì kún. Aṣojú ìgboro ní láti máa kó kéèṣì lọ sí báńkì, ti abúlé ní láti máa gba kéèṣì jáde, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Níbi tí báńkì bá jìnnà, ẹni tó ń náwó jù lórí ìrìn yìí ni yóò kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ní àwọn alágbàtà ńlá tó ń ra owó orí fóònù púpọ̀ pa mọ́, tí wọ́n ń pín in fún ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ọ̀gá tí kò bá mọ ìṣirò yìí á máa da owó sórí pátákó ìpolówó, nígbà tí àwọn èèyàn ń dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń padà lọ́wọ́ òfo.

Àwa náà jẹ ìyà irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà. Owó orí fóònù kọ́ ló ṣòro jù fún oní-POS láti rí, nítorí pé láti ọdún 2011 ni ètò NIP ti NIBSS, àjọ tó so àwọn báńkì wa pọ̀, ti jẹ́ kí owó fò láti báńkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀, tí oní-POS fi lè kún fóònù rẹ̀ láìdìde lórí àga. Kéèṣì ni kò sí. Àwọn oní-POS sì gbé owó iṣẹ́ wọn sókè dé ibi tó ń ya èèyàn lẹ́nu.

Ohun kejì tí ẹni tó bá ti ẹ̀ka nẹ́tíwọ̀kì wá gbọ́dọ̀ kọ́ ni pé àṣà "tún un rán" léwu lórí ọ̀rọ̀ owó. Bí ìpè bá já, ẹ óò tún pè. Bí SMS kò bá lọ, ẹ̀rọ á tún un fi ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bínú bí ó bá dé lẹ́ẹ̀mejì. Bí àṣẹ "fi 20,000 náírà ránṣẹ́" bá dé lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ lórí kóòdù tí a ń tẹ̀ sórí fóònù ni pé oníbàárà ti tẹ PIN, ẹ̀rọ báńkì ti yọ owó, ìlà wá já kí èsì tó padà dé. Ojú fóònù á ní kò ṣeé ṣe. Oníbàárà á tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń dènà rẹ̀ kò le: kí a fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ pé bí àṣẹ kan náà bá tún dé pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, ẹ̀rọ á dá èsì ti àkọ́kọ́ padà, kò ní yọ owó mọ́. Bí èsì bá pẹ́, "ó ń lọ lọ́wọ́" ni kí a sọ fún oníbàárà. A kò gbọdọ̀ sọ pé "kò ṣeé ṣe" títí a ó fi mọ̀ dájú. Lálaalẹ́, kí a kó ìwé iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ti báńkì àti ti NIBSS síwájú, ká fi wọ́n wéra ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì ni iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ yìí kò ní òkìkí kankan, ẹni tó bá sì fojú tín-ín-rín wò ó á rí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ní kété tí MoMo PSB, báńkì ìsanwó (PSB) ti iléeṣẹ́ tẹlifóònù MTN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, owó tó tó bílíọ̀nù 22.3 náírà bọ́ sínú àkáǹtì tí kò yẹ kó lọ, nǹkan bíi àkáǹtì 8,000 ní báńkì 18, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe sọ nínú ìwé ẹjọ́ tó fi ń wá owó rẹ̀. Wọ́n ní láti ti ètò náà pa fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ tún béèrè nínú ìròyìn yín pé kí ló dé tí Nàìjíríà kò ní M-Pesa tirẹ̀, ẹ wá dá àwọn ọ̀gá tẹlifóònù wa lẹ́bi. Ẹ̀bi wọn kọ́ rárá. Ní Kẹ́ńyà, Báńkì Àpapọ̀ kọ lẹ́tà sí Safaricom ní ọdún 2007 pé òun kò lòdì sí i, nígbà tí òfin kan pàtó kò tíì sí. Àwọn báńkì ibẹ̀ pariwo, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ John Michuki tó ń di ipò mínísítà ètò ìṣúná mú ní ìparí ọdún 2008, ó ní kí wọ́n yẹ ìwé M-Pesa wò, wọn kò sì tì í pa. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tiwa gbé ìlànà owó orí fóònù jáde ní ọdún 2009, ó fi àyè sílẹ̀ fún báńkì àti àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n kò gbà kí iléeṣẹ́ tẹlifóònù ṣáájú. Oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ìlànà PSB tó ṣílẹ̀kùn fún wọn jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù márùn-ún náírà nílẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni lówó. MTN àti Airtel kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2022. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tó gba ọjà ni àwọn tó ti ọ̀nà káàdì àti ẹ̀rọ wá: Interswitch tí Mitchell Elegbe dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, àti Moniepoint tí Tosin Eniolorunda, tó ti ṣiṣẹ́ ní Interswitch rí, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ kan tó kù fún àwọn ọ̀gá tẹlifóònù ni kí wọ́n máa bá báńkì jà lórí owó kóòdù, tí wọ́n fẹnu kò sí ní náírà 6.98 fún ìlò kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹta ọdún 2021, tí gbèsè rẹ̀ sì ga lọ́rùn àwọn báńkì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ tààrà nínú owó ìpè oníbàárà ní ọdún 2025.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Joseph, nítorí apá tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn Safaricom, Vodafone fi í ṣe olórí iṣẹ́ owó orí fóònù rẹ̀ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè. Ọkùnrin kan náà, M-Pesa kan náà. Ní Gúúsù Áfíríkà, Vodacom, iléeṣẹ́ Vodafone níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2010 pẹ̀lú báńkì Nedbank, wọ́n ń retí oníbàárà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́ta. Wọn kò súnmọ́ ọn rárá. Wọ́n tún un gbé jáde ní ọdún 2014, wọ́n sì tì í pa ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2016. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ti ní káàdì báńkì, wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́, ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ pọ̀, aṣojú sì ṣọ̀wọ́n. Ti Romania parí ní ọdún 2017, ti Íńdíà tẹ̀ lé e ní ọdún 2019. Joseph padà sí Safaricom ní ọdún 2019 nígbà tí Bob Collymore, tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, kú, ó sì di ipò ọ̀gá àgbà mú títí Peter Ndegwa fi dé ní oṣù kẹrin ọdún 2020.

Fún ọmọ wa tó ń ka ẹ̀rọ ní Ilé-Ifẹ̀ tó sì ń wo Karl Toriola, tó jáde láti yunifásítì kan náà, gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe, kí ó kíyèsí i pé ọkùnrin náà ti jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ MTN Nàìjíríà, ó sì ti ṣe ọ̀gá MTN ní Kamẹrúùnù, kó tó di ọ̀gá àgbà níhìn-ín ní oṣù kẹta ọdún 2021. Bí ó bá fẹ́ yà sí ọ̀nà owó, kó wá ọdún méjì lò ní tábìlì tí wọ́n ti ń fi ìwé wéra lálẹ́, kó sì lo oṣù díẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń yanjú ẹ̀sùn owó tó sọnù, kó tó wá ipò tó ní orúkọ ńlá. Nígbà míì tí ẹ bá sì fọ̀rọ̀ wá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè pé nínú àwọn aṣojú rẹ̀, ìdá mélòó ni kéèṣì tàbí owó orí fóònù tán lọ́wọ́ wọn lánàá, àti pé wákàtí mélòó ni owó tó ṣìnà fi ń padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn