Ẹ̀sùn lórí ibùdó rélùwéè onípákó tí ògiri rẹ̀ kò bára mu

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwòṣe ibùdó rélùwéè kékeré tí mo rà lọ́wọ́ yín láti tò fúnra mi ni mo bá wá, ilé onípákó tí ẹ fi iná lésà gé ní òṣùwọ̀n HO, 1:87, ìyẹn ni pé mílímítà 1 lára rẹ̀ dúró fún mílímítà 87 lára ilé gidi. Kò sí ohun kan tó dín nínú àpótí náà. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, ilà bíríkì tí ẹ fi lésà fín sára ògiri sì dára gan-an. Àmọ́ ilé náà kò ṣeé tò.

Kí n sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwé àlàyé yín sọ pé plywood mílímítà 1.5 ni ògiri, ìwọ̀n yẹn náà lẹ sì gé gbogbo ihò rẹ̀ sí. Èyí tí ẹ wá kó sínú àpótí nípọn tó mílímítà 2. Ibo ni ehín pákó, ìyẹn etí ògiri kan tó yọ jáde láti wọ inú ihò ògiri kejì, yóò ti ráyè wọlé? Mo rọra ti ọ̀kan, ògiri iwájú sì là láti igun fèrèsé títí dé òkè. Ìdajì mílímítà lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n lórí ilé 1:87, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 4 lára ilé gidi.

Mo mọ̀ pé lésà máa ń jẹ díẹ̀ lára igi, etí rẹ̀ a sì dúdú. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn.

Èsì tí òṣìṣẹ́ yín fún mi ló dùn mí jù: ó ní kí n fi sándípépà ha ehín náà kó lè wọlé. Kó wọlé ńkọ́? Ehín ọ̀hún gùn ní mílímítà 1.5 péré, ògiri tó ń wọ̀ sì nípọn mílímítà 2, kò lè dé ojú ògiri níta láéláé. Gbogbo igun ilé ni yóò ní kòtò, níbi tí ilà bíríkì ti yẹ kó pàdé gan-an. Bí mo bá sì fi nǹkan dí kòtò náà, yóò bo ilà bíríkì mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ tún ògiri àti ilẹ̀ ilé náà gé lára pákó mílímítà 1.5, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lówó ara yín. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó mi padà, àti owó ìfiránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ àwọn àpótí yòókù tí ẹ gé lára pákó yẹn wò kí ẹ tó tà wọ́n. Ẹni tó ń to irú ilé yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé ọwọ́ òun ni kò mọ iṣẹ́, á sì pa á tì, bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi.

Fọ́tò ògiri tó là àti ti ìwọ̀n pákó náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni,
Oníbàárà yín