Àjọkẹ́, jẹ́ kí wọ́n sunkún

Àjọkẹ́ mi,

Mo ti gbọ́ fọ́ìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́ lóru àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ kí n tó dáná láàárọ̀ yìí. O ní obìnrin yẹn bú sẹ́kún níwájú ẹ, o wá ń sọ "ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má sunkún mọ́ mà" títí àsìkò fi tán, o ní bóyá iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀, ká máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn ká sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn, ò tiẹ̀ kàn ẹ́. Fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Èmi tó bí ẹ, mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló rò pé ìbò ni mo fẹ́ dù, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù!)

Ọdún kìíní yẹn, opó kan wá bá mi, ọkọ ẹ̀ ò tíì kú tó oṣù mẹ́ta. Kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí mo ti já lù ú, mo ní kó ṣe ọkàn akin, pé Ọlọ́run ló mọ ìdí, pé kó máa wo ojú àwọn ọmọ. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún un níbi ìsìnkú náà ni mo tún sọ. Ó nu ojú, ó ní "ẹ ṣeun mà", ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Mo rò pé mo ti ràn án lọ́wọ́ o! Ó tó bí ọdún méjì kó tó yé mi pé ara tèmi ni mò ń tù lọ́jọ́ náà, ẹkún ẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí. Ohun kìíní nìyẹn: jẹ́ kí wọ́n sunkún.

Ohun kejì, fetí sí ara. Ẹlòmíì ò ní sọ pé inú òun bàjẹ́, á ní orí òun gbóná, pé nǹkan ń rìn kiri lórí òun bí eèrà, àyà òun ń já, wọ́n sì ti ṣe tẹ́ẹ̀sì màléríà àti taífọ́ọ̀dù tì. Jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ṣá, àmọ́ má rò pé irọ́ ló ń pa.

Jẹ́ n sọ ti káfíńtà kan fún ẹ, mo ti yí ohun díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ kó o má baà dá a mọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló fipá mú un wá, torí tínú bá ti bí i, nǹkan á fọ́, tẹlifísàn, fóònù, àwo. Mi ò bá a wí, ṣebí wọ́n ti bá a wí nílé àna, wọ́n ti bá a wí ní mọ́ṣáláṣí, títí ó sú wọn. Mo kàn bi í pé níbo ni ìbínú yẹn ti máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lára yín? Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́, ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko (ìdákẹ́jẹ́ yẹn le o, àmọ́ fara dà á), ló bá gbọ́wọ́ lé párìkẹ́, ó ní "ibí yìí ni mà, eyín mi á há mọ́ra wọn, etí mi á wá gbóná".

Àti párìkẹ́ la ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní tó bá ti há báyẹn, kó gbé òòlù sílẹ̀, kó bọ́ síta, kó mí sínú, kó ka ení dé ẹ̀rin, kó wá mí síta, kó kà á dé ẹ̀fà, torí èémí tá a bá rọra tú síta ló ń jẹ́ kí àyà tó ń sáré wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó jẹ́wọ́ ohun tó máa ń sọ fún ara ẹ̀ tí ìyàwó ò bá gbé kọ́ọ̀lù: "ó ti ń fojú di mí torí mi ò lówó". Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, kì í ṣe kọ́ọ̀lù, ìtumọ̀ tó fún un ni, ohun tí Albert Ellis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti sọ láti 1955 nìyẹn. Àmọ́ ká ní ọjọ́ kìíní ni mo ti ní èrò ẹ̀ ò tọ́, á ti bínú jáde. Lójú tèmi, Carl Rogers, onímọ̀ bíi ti Ellis, ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀: gba èèyàn bó ṣe wá, gbọ́ ọ tán ná.

Ó ṣì ń bínú o. Àwo kan tún fọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ fún mi.

Má gbàgbé ilé tí wọ́n ti wá. Nígbà tí Dókítà Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aró l'Ábẹ́òkúta ní 1954, àárín ará abúlé làwọn aláìsàn ń gbé, ẹbí wọn á bá wọn wá, wọ́n á máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Torí náà máa béèrè ta ló wà nílé.

Ti àṣírí, sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé gbogbo ẹ̀ lo máa pa mọ́ àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Tó o bá fura pé ẹnì kan fẹ́ pa ara ẹ̀, bi í lójúkorojú, ìbéèrè ò ní kó èrò yẹn sí i lórí, kó o sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ lọ́jọ́ náà.

Sọ fún supafáísọ̀ ẹ lọ́la pé ẹkún yẹn dẹ́rù bà ẹ́. Tí obìnrin yẹn bá padà wá, gbé tíṣù sí ibi tọ́wọ́ ẹ̀ ti lè tó o, má nà án sí i, torí tó o bá nà án, àfi bíi pé o ní kó nujú kó dákẹ́.

Mo ti fi gààrí àti ẹja gbígbẹ rán dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ l'Ékòó. Pè é kó tó di aago mẹ́rin, kì í dúró de èèyàn.

Màmá ẹ